Orin ló ṣáájú ni àbí àwòrán? Èsì fún ìyá tó sùn lọ nídìí Fantasia

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ káàsán sà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, wo Tom and Jerry kan tí Tom wọ kóòtù dúdú tó ń tẹ píánò níwájú èrò, àtìgbà yẹn ni ò ti jẹ́ kí n gbádùn, ó ní ṣé orin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni àbí àwòrán. Mi ò mọ èsì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá ní kí n wá Fantasia fún un, a jókòó wò ó, èmi gan-an ni mo sùn lọ, kò sí ìtàn, wọn ò sọ̀rọ̀, àwòrán kàn ń fò kiri. Ṣé èmi ni mi ò lajú ni? Kí ló yẹ kí n máa wò níbẹ̀, èwo ni kí n sì kọ́kọ́ fi han ọmọ yìí?"

Ẹ káàsán mà. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa, torí ohun tó bi yín yẹn gan-an ló wà nídìí irú fíìmù yìí, ọ̀pọ̀ àgbà tó ti ń wò ó tipẹ́ ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà ò sì ṣàìlajú jàre, àwọn tó sùn lọ nídìí Fantasia pọ̀ bí eṣú, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló fa oorun, mo máa débẹ̀.

Èsì tààrà nìyí. Nínú èyí tí Tom ti ń tẹ píánò yẹn, orin ló ṣáájú. Nínú Fantasia náà, fíìmù tí sítúdíò Walt Disney gbé jáde ní 1940, orin ló ṣáájú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n nínú àwọn Tom and Jerry tó kù, àwọn tí wọ́n kàn ń lé ara wọn kiri inú ilé tí abọ́ ń fọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ wọ́n á ti ṣètò eré sórí bébà ná, ìgbà tí ẹsẹ̀ máa kanlẹ̀, ìgbà tí páànù máa ba Tom lórí, Scott Bradley tó jẹ́ olórin wọn ní sítúdíò MGM á wá jókòó ti bébà yẹn, á máa kọ orin tó máa bá ìṣe kọ̀ọ̀kan mu, tí Jerry bá ń yọ́ rìn fáyólìn á máa yọ́ rìn, tí Tom bá ṣubú ọkẹ́sítírà á bá a ṣubú. Orin ló ń sá tẹ̀lé àwòrán níbẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lójú agbo. Ìgbà míì oníjó á máa dá tiẹ̀ dá, onídùndún á máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀, á máa fi ìlù bá a lọ. Ìgbà míì sì rèé onílù ló ń pàṣẹ, ó ti sọ tiẹ̀, oníjó tó bá gbọ́ ìlù ló máa mọ ibi tó yẹ kóun fi èjìká sí. Fantasia jẹ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí. Ìlù ti dún tán, ó ti wà nílẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú pẹ́ńsù, àwòrán ló wá jó. Tẹ́ ẹ bá wá jókòó síbẹ̀ tẹ́ ẹ ń retí ìtàn, ẹ máa sùn ni, torí kò sẹ́ni tó ń wá ìtàn lẹ́sẹ̀ oníjó. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni pé ṣé oníjó yìí gbọ́ ìlù ni àbí kò gbọ́. Èmi ò sì ní purọ́ fún yín, nínú fíìmù yẹn kan náà, ibì kan wà tó gbọ́ ọ délẹ̀, ibì kan wà tí ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ yẹn ṣì máa bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Sinimá máa ń fi férémù 24 han ojú láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Férémù kan, àwòrán kan tó dúró sójú kan ni. Tí orin bá ń lọ ní bíìtì 120 láàrin ìṣẹ́jú kan, bíìtì méjì nìyẹn láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà bíìtì kọ̀ọ̀kan gba férémù 12. Tó bá ń sáré ní 144, férémù 10. Tó bá rọra ń lọ ní 90, férémù 16. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa rìn bá ìlù 120, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ kanlẹ̀ ní férémù kìíní, tòsì ní férémù 13, tọ̀tún ní 25, ó parí, ìṣirò ọmọ prámárì ni. Wọ́n ní bébà gígùn kan tí wọ́n fà ní ìlà-ìlà fún un, ìlà kan fún férémù kan, wọ́n á kọ ohùn sápá kan, wọ́n á kọ ìṣe sápá kejì.

Ibi tó ti wá le ni pé ọkẹ́sítírà kì í ṣe aago. Ẹni tó ń darí wọn á fà á gùn níbí, á tì í sáré lọ́hùn-ún, á mú gbogbo wọn dá èémí dúró fún díẹ̀ kí ìró tó kàn lè wọni lára, ká ní bíìtì yìí gba férémù 14, èyí tó tẹ̀lé e lè gba 17, èyí tó tún tẹ̀lé e kó padà sí 13. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀ ṣáájú. Ohùn ayé ìgbà yẹn, orí fíìmù ló wà, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan tó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, wọ́n á wá máa fa fíìmù ohùn yẹn kọjá nínú ẹ̀rọ kan ní férémù-férémù, wọ́n á máa sàmì síbi tí ìlù ti dún, ibi tí fèrè ti wọlé, ibi tí fáyólìn ti dákẹ́, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sórí bébà, ẹ̀yìn ìyẹn ni ayàwòrán máa tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n kan tún wà tí wọ́n máa ń lò: ìṣe kì í bọ́ sórí ìró gẹ́lẹ́, wọ́n máa ń gbé e síwájú ní bíi férémù méjì, torí tó bá bọ́ sórí ẹ̀ gẹ́lẹ́ ojú máa ń rí i bí ẹni pé ó pẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Fantasia o. Ní 1928, nígbà tí wọ́n ń ṣe Steamboat Willie ní sítúdíò Walt Disney, ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, Wilfred Jackson, ló mú mẹ́tírónóòmù wá, ohun tí àwọn olórin fi ń ka bíìtì, ó ní tá a bá mọ iye férémù tó ń kọjá láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tá a sì mọ bí orin ṣe ń yá tó, ohun tó kù ò le. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1929, Carl Stalling tó ti máa ń tẹ ọ́gáànù nílé sinimá ní Kansas City nígbà tí fíìmù ò tíì lóhùn, òun ló gbé èrò wá pé kí wọ́n máa ṣe àwọn kan tó jẹ́ pé orin ló máa ṣáájú, kí àwòrán tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni The Skeleton Dance, àwọn egungun òkú mẹ́rin tó jáde nínú ibojì lóru tí wọ́n ń jó, Ub Iwerks ló ya púpọ̀ nínú ẹ̀. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Stalling yìí kan náà ló padà lọ sí Warner Bros., orin ẹ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Bugs Bunny tí àwa wò dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Tom. The Cat Concerto lorúkọ ẹ̀, 1947, William Hanna àti Joseph Barbera ló darí ẹ̀, orin tó ń tẹ̀ ni Hungarian Rhapsody kejì tí Franz Liszt kọ. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà wò ó pẹ̀lú ọmọ nìyí: ẹ pa ohùn ẹ̀ ná fún ìgbà díẹ̀. Ẹ máa rí i pé tí ọwọ́ Tom bá wà lápá òsì píánò, ohùn tó máa jáde tẹ́ ẹ bá ṣí i padà, ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn ni, tó bá na ọwọ́ sápá ọ̀tún, ohùn á ga, àwọn tó ya á ò kàn ya ológbò tó ń gbá pátákó lásán, wọ́n wo bí ìka ṣe ń rìn. Àwọn tó ń tẹ píánò gan-an ló máa ń yìn ín jù. Ó gba Oscar. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé Warner Bros. ti gbé Rhapsody Rabbit jáde ní 1946, Bugs Bunny ló ń tẹ píánò, orin Liszt yẹn kan náà, eku wà nínú píánò yẹn náà, làwọn méjèèjì bá ń pe ara wọn lólè. Ẹ wo méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, kí ọmọ yẹn dá ẹjọ́ fúnra ẹ̀. Tèmi o, Tom ló gbọ́ ìlù jù.

Fantasia wá ńkọ́. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó tó ní òun fẹ́ ṣe fíìmù wákàtí méjì. Mickey Mouse ni ò tà mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, Donald Duck ti ń gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, Disney wá ń wá nǹkan ńlá kan tó máa gbé e dìde. Ó mú orin kan tí ará Faransé kan, Paul Dukas, kọ ní 1897, òun náà gbé e ka orí ewì kan tí Goethe ará Jámánì kọ ní 1797: ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oṣó, ọ̀gá ẹ̀ jáde, ọmọ yìí wá pe ọfọ̀ sí ìgbálẹ̀ kó máa bá òun pọnmi, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Disney àti Leopold Stokowski, adarí ọkẹ́sítírà, pàdé nílé oúnjẹ kan ní Hollywood, Stokowski tó lórúkọ jákèjádò Amẹ́ríkà nígbà yẹn ní òun á darí orin ẹ̀. Wọ́n gbà á sílẹ̀ lóru kan ní oṣù kìíní 1938 pẹ̀lú àwọn olórin Los Angeles. Owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀ wá ju $125,000 lọ, kò sì sí bí kàtúùnù kúkúrú kan ṣe máa pa irú owó bẹ́ẹ̀ padà, ni wọ́n bá ní kí wọ́n kúkú fi àwọn orin míì kún un kó di odindi fíìmù. (Orúkọ oṣó yẹn, Yen Sid ni. Ẹ ní kí ọmọ kà á láti ẹ̀yìn.)

Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fò wá síbi The Sorcerer's Apprentice. Nígbà tí ìgbálẹ̀ kọ́kọ́ ń ta kìjí, fèrè bassoon ni ẹ máa gbọ́, ohùn kan tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni tó ń rìn tó ò tíì mọ̀ pé òun lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti la etí gan-an ṣì ń bọ̀. Omi ti kún ilé, Mickey tó jẹ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn ti gbá àáké mú, ó ti ṣá ìgbálẹ̀ yẹn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, orin wá dákẹ́ pátápátá. Ẹ ní kó má sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Fèrè kan tó wà nísàlẹ̀ ju gbogbo fèrè lọ, contrabassoon, á wá dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á tún dún, bí ẹni tí wọ́n lù ṣubú tó ń gbìyànjú àtidìde. Ègé ìgbálẹ̀ á mira nílẹ̀. Orin ìgbálẹ̀ yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì tíì lọ jìnnà tí fèrè kejì fi gba orin kan náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń sá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọn ò sì jẹ́ ẹyọ kan mọ́. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀ ni pé Dukas ti kọ ọ́ sínú orin pé ìgbálẹ̀ kan ti di méjì, ogójì ọdún kí wọ́n tó ya ìgbálẹ̀ kankan ní Hollywood. Àwọn ayàwòrán ò dá nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kàn gbọ́ ohun tí ìlù wí ni. Mi ò tíì rí ibòmíì nínú fíìmù yẹn tó tó ìyẹn.

Ìdí tẹ́ ẹ fi sùn lọ ni pé ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ohun tó sì wà níwájú ni Toccata and Fugue ti Bach, orin ọ́gáànù ni látilẹ̀wá, ẹni tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ọ́gáànù gidi á ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rí, Stokowski ló sọ ọ́ di ti ọkẹ́sítírà. Òjìji àwọn olórin lẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ìlà, ìmọ́lẹ̀, nǹkan tó jọ ọrun fáyólìn tó ń fò lójú òfúrufú. Kò sí ènìyàn, kò sí ẹranko. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e síwájú ọmọ ọdún méje ń wá ìjà ni.

Tẹ́ ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ ìgbálẹ̀, ẹ lọ síbi Dance of the Hours, orin ará Ítálì kan, Ponchielli. Àwọn ògòǹgò ló ń jó bálẹ́ẹ̀tì lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn wọn ni erinmi tó wọ yẹ̀rì pínníṣín, erin tó ń fẹ́ ìfófòó ọṣẹ, àti àwọn ọ̀nì tó da aṣọ bo èjìká. Ẹ̀rín tó wà ńbẹ̀ ni pé wọn ò fi ijó ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Wọ́n pe àwọn oníjó gidi wá sí sítúdíò, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, wọ́n wá gbé ara ńlá erinmi sórí ẹsẹ̀ yẹn láìyọ nǹkan kan kúrò. Erinmi yẹn rò pé òun fúyẹ́, ọ̀nì tó fẹ́ gbé e sókè ló mọ òótọ́. Nutcracker Suite náà dára, pàápàá àwọn olú tó ń jó, èyí kékeré inú wọn ò bá àwọn tó kù dọ́gba rárá, ọmọ yín máa fẹ́ràn ẹ̀.

The Rite of Spring, ibi tí dáínósọ̀ wà, àwọn ọmọkùnrin máa ń fẹ́ràn ẹ̀ ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì bani nínú jẹ́, gbogbo wọn ló kú sínú ọ̀dá lójú wọn báyìí. Ibí ni mo ti ní oníjó ò gbọ́ ìlù o, tàbí kó jẹ́ pé ó gbọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ jó nǹkan míì. Igor Stravinsky kọ orin yẹn nípa ètùtù àwọn ará Rọ́ṣíà àtijọ́, ọmọbìnrin kan máa jó títí á fi kú, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Paris ní 1913 ariwo sọ láàrin èrò ìwòran. Disney gé orin yẹn, ó tún un tò síbi tó wù ú, ó wá fi ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹranko ńlá sí i. Nínú gbogbo àwọn tó kọ orin inú fíìmù yẹn, Stravinsky nìkan ló ṣì wà láyé, ojú ẹ̀ ló ṣe, ó sì bú u lẹ́yìn náà, ó ní bí wọ́n ṣe lu orin yẹn ò dáa, ó ní àwòrán yẹn jẹ́ ti òmùgọ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Síbẹ̀ náà, ibi tí òkè iná ti ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bá ìró ìlù yẹn, ẹ wò ó kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ara yín ò dìde.

Night on Bald Mountain ti Mussorgsky, ẹ má fi han ọmọ lóru. Ànjọ̀nú ńlá kan ló ṣí apá lórí òkè tó ń pe òkú jáde nínú sàréè, Vladimir Tytla ló ya á, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tíì ya ibi tó burú tó bẹ́ẹ̀ tó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ sínú kàtúùnù. Ohùn aago ṣọ́ọ̀ṣì ló lé e wọlé, Ave Maria ti Schubert wá tẹ̀lé e, àwọn èèyàn tó gbé àtùpà ń rìn lọ nínú igbó. Nílé àwọn olórí àdúrà kan, ànjọ̀nú yẹn nìkan tó láti fi kó tẹlifíṣọ̀n jáde o, ẹ mọ ilé tiyín.

Apá kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ torí pé ọmọ dúdú lẹ ń tọ́. Nínú Pastoral Symphony ti Beethoven, àwọn ẹ̀dá tó jẹ́ ìdajì èèyàn ìdajì ẹṣin ló wà ńbẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní 1940 fi ọmọbìnrin dúdú kékeré kan síbẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa fọ pátákò ẹsẹ̀ àwọn tó funfun, wọ́n ya ojú ẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fi èèyàn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ láyé ìgbà yẹn. Láti 1969 ni wọ́n ti gé e kúrò, èyí tẹ́ ẹ wò ò lè ní i, ṣùgbọ́n àwọn ègé ẹ̀ ń káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ lè ṣèèṣì bọ́ sí i. Apá yẹn náà ló sì ṣaláìlágbára jù lójú tèmi, ìgbèríko ni Beethoven kọ nípa ẹ̀, odò, òjò, àwọn ará oko tó ń ṣe fàájì, wọ́n wá kó òrìṣà àwọn ará Gíríìkì dà sí i, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ tó ń dun ojú. Ẹ fò ó.

Ọ̀rọ̀ ohùn náà tó gbọ́. Stokowski ò fẹ́ kí orin máa jáde láti ẹyọ sípíkà kan lẹ́yìn aṣọ sinimá. Ní 1939 wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù nínú orin yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú Philadelphia Orchestra ní gbọ̀ngàn Academy of Music ní Philadelphia, máìkì 33, wọ́n pín ohùn sí ọ̀nà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fáyólìn níbí, fèrè onírin lọ́hùn-ún, kí ohùn lè máa rìn yí èrò ká nínú ilé sinimá. Fantasound ni wọ́n pè é. HP tẹ́ ẹ mọ̀ mọ́ laptop, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó bẹ̀rẹ̀ nínú gáráàjì ní Palo Alto, Disney wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rọ mẹ́jọ tí wọ́n fi ń yẹ ohùn wò, torí Fantasound yìí ni. Àmọ́ gbogbo ẹ̀rọ yẹn wọ́n bí ojú, ilé sinimá tó lè gbà á ò pọ̀, ìlú 13 péré ni wọ́n gbé e dé nínú ìrìnàjò àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1940. Ogun ti ti ọjà Yúróòpù pa. Fíìmù tó gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là kò rí owó ẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mérè wá. Ẹ mọ̀ pé nínú 1969 tí mo dárúkọ yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fa igbó ló kún ilé sinimá lọ wò ó, àwọn ló gbà á là.

Nítorí náà ẹ má fi sípíkà fóònù wò ó. Ohùn ìsàlẹ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ níbi ìgbálẹ̀ yẹn ò ní jáde rárá, ẹ máa rí àwòrán ẹ ò ní rí ìlù, ìyẹn náà lè wà lára ohun tó fa oorun lọ́jọ́sí. Ẹ lo yíàfóònù tàbí sípíkà tó ní báàsì.

Àwọn míì tó yẹ kó wò: Peter and the Wolf tí Suzie Templeton ṣe ní 2006, kì í ṣe àwòrán ọwọ́, bèbí ni wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀, òun náà gba Oscar. Orin Prokofiev ni, ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní ohun èlò tiẹ̀, fèrè flute fún ẹyẹ, oboe fún pẹ́pẹ́yẹ, clarinet fún ológbò, fèrè horn mẹ́ta fún ìkookò. Fún ọmọ tó ń bi irú ìbéèrè yìí, mi ò rò pé nǹkan míì wà tó dáa jù ú lọ, torí á dijú á sì mọ ẹni tó wọlé. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú pé ìkookò máa jẹ pẹ́pẹ́yẹ. What's Opera, Doc? tí Chuck Jones ṣe ní 1957 ńkọ́, Bugs Bunny àti Elmer fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méje fi Wagner tó máa ń kọ opera ọ̀pọ̀ wákàtí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín á pa yín. Fantasia 2000 náà wà, ibi Rhapsody in Blue ti Gershwin nìkan ti tó gbé e fún, ìlú New York tí wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, fèrè clarinet tó ń gùn lọ sókè yẹn ló fa ìlà náà. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yin nìkan lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn ni Allegro non troppo, ará Ítálì kan, Bruno Bozzetto, ló ṣe é ní 1976 láti fi Fantasia ṣẹ̀fẹ̀, ìhòòhò wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo Boléro inú ẹ̀, ohun mímu tó ṣẹ́kù sídìí ìgò tí wọ́n jù sílẹ̀ ló di ẹ̀dá alààyè, tó ń pọ̀ sí i, tó ń rìn lọ bí ọmọ ogun bí orin Ravel yẹn ṣe ń ga sí i.

Ìdánwò kan kù tẹ́ ẹ lè ṣe nílé, owó kankan ò ní í jáde. Fela Sowande tiwa, ọmọ Yorùbá tó kọ orin fún ọkẹ́sítírà, tó tiẹ̀ ti ṣiṣẹ́ orin fún ẹ̀ka fíìmù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, kọ African Suite ní 1944 fún àwọn olókùn bíi fáyólìn àti sẹ̀lò. Ẹ wá apá tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀, Akinla. Kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìwo nǹkan kan, kó pàtẹ́wọ́ sí bíìtì. Ẹ gba áàpù mẹ́tírónóòmù sórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ bá àtẹ́wọ́ ẹ̀ títí nọ́ńbà á fi jáde, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà yẹn pín 1440, torí férémù 1440 ló wà nínú ìṣẹ́jú kan, ohun tó bá jáde ni iye férémù tó wà nínú bíìtì kan. Ẹ mú ìwé kékeré tó nípọn, kó ya bọ́ọ̀lù sígun ojú ewé, kí bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ ní ojú ewé tó bá bíìtì mu, àwòrán kan fún férémù méjì ti tó, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn kí ọwọ́ má bàa kú. Kó máa fi àtàǹpàkò ṣí i fùúfùú. Kò ní bá a mu lẹ́ẹ̀kan, torí bí ọwọ́ ṣe ń yára ṣí i ò dọ́gba, tí inú bá bí i ẹ fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ tò ó sínú CapCut, áàpù tí wọ́n fi ń to fídíò, àwòrán 12 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbé orin sábẹ́ ẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ṣì dà bíi pé ó ń pẹ́ lẹ́yìn ìlù, ẹ fa àwòrán síwájú ní férémù méjì kẹ́ ẹ tún un wò.